Òjìji Pátákó

Ní oríta kan ní Òṣogbo, Òròkí ìlú aró, níbi tí ọkọ̀ ti ń já èrò kí ó tó forí lé ọ̀nà ọjà, pátákó ìpolówó gàgàrà kan wà tí wọ́n ya odò sí, tí wọ́n ya igi ńláńlá sí, tí wọ́n ya ère sí ìdí igi, tí wọ́n sì fi lẹ́tà tó tóbi ju orí ènìyàn lọ kọ ọ́ sí i pé kí tọmọdé tàgbà wá fojú ara wọn rí ẹwà Igbó Ọ̀ṣun. Mo wà lára àwọn tó jókòó yan ọ̀rọ̀ náà, odidi ọjọ́ mẹ́ta la sì fi ṣe àríyànjiyàn lórí gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pé mẹ́wàá. Obìnrin kan a máa dín àkàrà lábẹ́ pátákó yìí láti ọdún tí wọ́n ti rì í mọ́lẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí pátákó ti pé ọdún mẹ́ta níbẹ̀, mo yà láti ra àkàrà, bí mo sì ti dúró tí mo ń retí kí èyí tó wà nínú epo pọ́n, ọkàn mi ní kí n bèèrè.

“Ìyá alákàrà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n kọ sára pátákó tó wà lókè orí yín yìí?”

Ó gbójú sókè, ó wò ó bí ẹni pé àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e débẹ̀, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ta ló ráyè ìyẹn? Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e síbẹ̀, oòrùn kò pa mí mọ́. Kí Ọlọ́run bá wa san án fún wọn.”

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń mú àlejò mọ̀nà, tí mo sì ń bá àwọn aláṣẹ kọ ọ̀rọ̀ tí yóò fa àlejò wọ̀lú; wọ́n ti fi ìwé yìn mí, ọ̀gá ti fi ọ̀rọ̀ gún mi lójú, síbẹ̀ n kò tíì gbọ́ ìdájọ́ kan lórí iṣẹ́ mi tó wọ̀ mí ní akínyẹmí ara bí èyí tí obìnrin náà dá láìmọ̀ pé ìdájọ́ ni òun ń dá. Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí, mo sì ti fi òwe yìí bẹ̀rẹ̀ ìpàdé tí kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n àgúnmu kì í wo àìsàn nínú ìgò. Ẹni tó gún un, tó jọ̀ ọ́, tó rọ ọ́ sínú ìgò dídán, tó sì gbé e ka orí àjà kí gbogbo ayé máa wò ó, kò tíì wo ẹnikẹ́ni sàn, àfi bí aláìsàn bá bù ú sínú ẹ̀kọ gbígbóná tó sì gbé e mì. Nínú ìjábọ̀ wa lọ́dọọdún, a máa ń ka iye ìwé ìléwọ́ tí a tẹ̀, a máa ń ka iye pátákó tí a rì. A kò ka iye etí tó gbọ́ rí.

Nígbà tí mo wọ iṣẹ́ yìí, Òṣogbo ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, nítorí ọdún 1991 ni wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Ọkọ̀ kan tó ti jẹ ayé gbó la máa ń gbé jáde bí oṣù kẹjọ bá ti ń sún mọ́lé, a ó de ẹ̀rọ gbohùngbohùn méjì mọ́ orí rẹ̀ bí ìwo àgbò, a ó sì gba Ìlobùú, Ẹdẹ, Ìkìrun àti Ìragbìjí lọ láti kéde ọdún Ọ̀ṣun. Onílù kan a máa bá wa lọ, àgbàlagbà tí gángan ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Kí àwa tó la ẹnu, òun á ti fi ìlù kí ìlú tí a wọ̀, á kí ọba rẹ̀, á kí baálé agboolé tí ọkọ̀ wa dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn obìnrin á fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná, wọn á jáde, nítorí kò sí ọmọ tí a ń ki baba rẹ̀ lójú pópó tí kò ní í yọjú síta. Ìgbà tí wọ́n bá jáde tán ni àwa tó sọ tiwa. Nígbà tó yá, ọ̀gá kan dé tó ṣírò iye tí à ń san fún onílù, ó ní kí a gba ohùn sínú kásẹ́ẹ̀tì, kí awakọ̀ máa tẹ̀ ẹ́. Owó ṣẹ́ kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì kò mọ ìlú tó wọ̀. Bó ti kí Ẹdẹ náà ló kí Ìkìrun, ohùn kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, àwọn obìnrin sì jókòó ti ọbẹ̀ wọn. Ọdún kejì tí a lo kásẹ́ẹ̀tì ni mo fura pé kì í ṣe gbohùngbohùn ló ń pè wọ́n jáde tẹ́lẹ̀.

Kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dé ilẹ̀ wa ni ìlú Yorùbá ti ń polówó ara wọn. Oríkì ni wọ́n fi ń ṣe é. Kò sí ìlú tí kò ní i, láti Ilé-Ifẹ̀ títí dé Kétu, bẹ́ẹ̀ ni kò sí aláṣẹ kan tó gbé ìgbìmọ̀ dìde láti kọ ọ́. Ẹnu ìyá ló ti bọ́ sí etí ọmọ, nígbà tí ọmọ ń sunkún òru, nígbà tí ó jí tó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, nígbà tí wọ́n ń sìn ín lọ sílé ọkọ. Àlejò tó bá fẹ́ mọ bí ìlú ti rí, ẹnu ẹni àkọ́kọ́ tó bá pàdé lójú ọ̀nà oko ni yóò ti gbọ́ ọ. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu jù lọ nínú oríkì, bí mo ti ń dàgbà sí i, ni pé kì í fi àbùkù pamọ́. Oríkì Ìbàdàn kò bò ó mọ́lẹ̀ pé olè a máa jàre olóhun níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò tijú ogun àti ìjà ìgboro. Ọmọ Ìbàdàn á gbọ́ ọ, orí á sì wú u. Ẹni tó bá ti fẹnu ara rẹ̀ ka àbùkù rẹ̀ fún ọ tán, bó bá wá kan ẹwà rẹ̀, ẹnu rẹ kò ní í gbà á láti bá a jiyàn.

Àwa kò láyà bẹ́ẹ̀. Ìwé ìléwọ́ kan wà tí mo bá àwọn kan kọ nípa Òkè Ìdànrè, ìlú orí àpáta tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń gbé lókè títí di ọdún 1923 kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. A sọ̀rọ̀ ààfin àtijọ́, a sọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tútù, a sọ bí ìkùukùu ti ń fọwọ́ kan ènìyàn lórí ibẹ̀, a kò sì sọ pé àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló wà láàárín àlejò àti gbogbo ohun mèremère wọ̀nyí. Mo bá ìyá arúgbó kan tó ti Èkó wá níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn kẹta, ó ń fi ìwé wa fẹ́ ara rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń ta omi nísàlẹ̀ níbẹ̀ ń bá a kẹ́dùn: “Màmá, ká ní ẹ ti bi mí ni, ǹ bá ti sọ fún yín.” Ọmọ náà mọ òtítọ́, ó jókòó ti òtítọ́ náà lójoojúmọ́ pẹ̀lú omi inú ike, kò sì sí èyí tó yà sọ́dọ̀ rẹ̀ nínú gbogbo àwa tí à ń kọ̀wé. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Bí wọ́n bá ní kí n tún ìwé náà kọ lónìí, àtẹ̀gùn yẹn gan-an ni n óò fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó fẹ́ràn òkè kì í sá fún gígùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Òṣogbo, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ká mi lára jù. Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún ọmọ ìlú ni pé nígbà tí Láróòyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ tọ omi dé bèbè odò, igi tí wọ́n gé wó sínú omi, ohùn kan sì ké láti ìsàlẹ̀ pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Àti pé ẹja tí odò fi ránṣẹ́, tí Láróòyè tẹ́wọ́ gbà, ni oyè Àtáọ́ja tí ọba Òṣogbo ń jẹ ti ṣẹ̀ wá. Igbó etí odò náà, tó tó hẹ́kítà 75 lónìí, ni ìjọba kọ́kọ́ kà kún ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, tí àjọ UNESCO sì kọ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, èkejì irú rẹ̀ ní Nàìjíríà lẹ́yìn Sukur. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, obìnrin kan láti ilẹ̀ Austria, Susanne Wenger, tí ìlú ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ti kó bíríkìlà, káfíńtà àti agbẹ́gilére ìlú jọ, tí wọ́n ń mọ ère, tí wọ́n ń tún ojúbọ tó ti wó kọ́, iṣẹ́ tí ìyá náà kò fi sílẹ̀ títí ó fi wọ káà ilẹ̀ lọ ní 2009. Wọn kò pe ohun tí wọ́n ń ṣe ní ìpolówó. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò tí bíríkìlà bí Adébísí Àkànjí ti ń jáde láàárọ̀ lọ mọ ère, tó sì ń fi ẹsẹ̀ tó kún fún sìmẹ́ńtì wọlé lálẹ́, ta ni yóò máa bèèrè ohun tó wà nínú igbó? Ọmọ á ti bi baba, baba á ti dáhùn, ọ̀rọ̀ á sì ti délé ọkọ àti ilé àna kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lẹ́yìn 2005 ni òkìkí wa kàn dé òkè òkun, tó sì jọ pé ó fò kọjá lórí ilé. Ìyá àgbà kan wá láti Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíìlì pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀. Ní Òṣogbo, ó wọ ọkọ̀ kan, kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń sọ: Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun. Awakọ̀ mi orí, ó tẹ iná, ó sì gbé wọn lọ sí sẹkitéríàtì ìjọba ìpínlẹ̀ ní Abéré, nítorí pé Ọ̀ṣun tí òun mọ̀ ni Ọ̀ṣun tó ń san owó oṣù. Ẹ̀ṣọ́ kan níbẹ̀ ló ronú pè mí. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà igbó, ìyá àgbà náà bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀, ó ké “Oore Yèyé” ní ohùn tó ti gba òkun kọjá tó sì ti yí díẹ̀ lẹ́nu, tí kò sì ṣòro fún ẹnikẹ́ni nínú wa láti dá mọ̀. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ, ìyá ìyá rẹ̀ ló kọ́ ìyẹn. Kò sí ìwé ìléwọ́ wa kan tó dé ọ̀dọ̀ wọn rí. Mo yíjú sí awakọ̀, ọmọ Òṣogbo pọ́ńbélé, mo bi í bóyá kò rí pátákó oríta rí. Ó ní: “Bàbá, ojoojúmọ́ ni mo ń gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Mo rò pé àwọn òyìnbó ni wọ́n kọ ọ́ fún ni.”

Àwọn àgbà ní àlejò a máa lójú gàlègàlè, kì í fi ríran. Ní ọjọ́ náà, onílé ló lójú. Kò sì parọ́ o: àwọn òyìnbó la kọ ọ́ fún. Èdè wọn la fi kọ ọ́, ojú wọn la fi ya àwòrán rẹ̀, a sì gbé e kalẹ̀ sáàárín ẹni tiwa. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Tiwa, òde la ti kó o lọ, a kò dé ilé. Ẹni tó bá rò pé ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ ni ọkàn ń mọ̀, kí ó wo àkọlé tó wà lára nọ́ńbà ọkọ̀ gbogbo: Ògùn ń pe ara rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, Oǹdó ń pe ara rẹ̀ ní ilẹ̀ oòrùn, Ọ̀ṣun ń sọ̀rọ̀ orísun omi ìyè. Kí ó wá dá ọkọ̀ mẹ́wàá dúró, kí ó bi àwọn tó ń wà wọ́n.

Nípa ọdún Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ti bá wa dá sí i, owó wọn sì wúlò, n kò ní í ṣe abaramóorejẹ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún kan, mo wọ kíláàsì kan mo sì bi àwọn ọmọ nípa ohun tí wọ́n rántí. Wọ́n rántí àwọ̀ fìlà tí wọ́n pín. Wọ́n rántí orúkọ ilé iṣẹ́ tó pín in. Ọ̀kan rántí Arugbá, ọmọbìnrin tó ń ru igbá ọdún, ó ní òun rí i lórí fóònù ẹ̀gbọ́n òun. Fóònù náà ní tirẹ̀ o: àwọn ọ̀dọ́ ń gbé àwòrán Arugbá ká gbogbo ayé kí igbá tó kúrò lórí rẹ̀, iṣẹ́ tí èmi àti ọkọ̀ oníwo àgbò kò lè ṣe ní ogún ọdún. Síbẹ̀, ọjọ́ ni wọ́n ń polówó, wọn kò polówó ibi. Ẹni tó ń wò wọ́n á rò pé inú oṣù kẹjọ ni igbó náà ń hù, tí ó sì ń wọlẹ̀ bí ọdún bá ti parí.

N kò sì ní í parọ́ pé àìgbọ́ nìkan ló dè wá lọ́nà. Àwọn kan gbọ́, ó yé wọn, wọn kò sì gbà. Ọ̀gá iléèwé kan kó ọmọ wá sọ́dọ̀ mi nígbà kan. Bí ìdajì wọn ni kò wọ inú igbó, nítorí ilé ti kìlọ̀ fún wọn pé ẹni tó bá wọ ibẹ̀ yóò bá òrìṣà padà sílé. Wọ́n jókòó sí ẹ̀bá ọgbà, wọ́n ń jẹ bisikíìtì, wọ́n ń gbọ́ igbe ọ̀bọ láti inú igbó, wọ́n sì ń bi àwọn tó jáde pé báwo ni ọ̀bọ náà ti rí. Wọn kò ṣẹ̀ mí, n kò sì bá òbí wọn jà. Ìsìn ẹni ni ìsìn ẹni. Ṣùgbọ́n n kò lè gbàgbé àfáà àgbà kan tó máa ń wá jókòó létí odò lẹ́yìn ìrun Àsárì, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń wò ó tìyanu-tìyanu. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, ó ní: “Omi odò yìí ni ìyá mi pọn tí ó fi tọ́ mi. Ìrun mi kò bàjẹ́ nítorí mo wá kí i.” Ohun a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èpo igi. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ti ń yan láti ọdún wọ̀nyí wá, kò sí èyí tó tó ti bàbá yìí, a kò sì kọ ọ́ sí ibì kankan.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan tí n kò fẹ́ sọ. Odò Ọ̀ṣun gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn tó ń wa góòlù lókè níbẹ̀ sì ti dà á rú, tó fi jẹ́ pé omi tí mo bá nígbà èwe mi ti di omi pupa. Ní ọdún 2022, ìjọba kìlọ̀ pé kí àwọn tó ń bọ̀ wá ṣọdún má ṣe mu ún. Wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò, wọ́n sọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn. Mo dúró létí omi lọ́jọ́ ọdún náà, mo sì rí àwọn ìyá tó ń bu omi náà sínú kẹ́ẹ̀gì láti gbé e lọ fún ọmọ tó ń ṣàìsàn nílé. Mo sọ fún ọ̀kan nínú wọn. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ìyá òun mu ún, òun mu ún, ta ni èmi? Kò sì ṣe àfojúdi. Oríkì ló ń sọ. Ohùn tó sọ fún un pé omi yìí ń wo ọmọ sàn ti wà nínú ilé wọn kí rédíò tó wọ ibẹ̀, tiwa sì wọlé láàárọ̀ ọjọ́ ọdún bí àlejò tí kò mọ ẹni tí yóò kí. Ọgbọ̀n ọdún la fi pòkìkí ẹwà odò náà. Nígbà tí ó di pé kí a sọ pé ara rẹ̀ kò yá, a kò ní ẹnu tí a óò fi sọ ọ́.

Ní ọdún kan báyìí, ìjì fa aṣọ pátákó oríta ya. Bí mo ti ń kọjá, mo rí ìyá alákàrà nínú oòrùn gangan, ó fi páálí bo orí. Ojú tì mí, bí ẹni pé èmi ni mo rán ìjì. Mo ní kí ó jẹ́ kí n mú un lọ wo igbó náà lọ́jọ́ tí kò bá dín àkàrà. Ó kọ̀, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì òun kò ní í gbọ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó rán ọmọ rẹ̀ sí mi pé òun ti ṣetán. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, Òṣogbo ni wọ́n bí i sí, kò wọ ibẹ̀ rí. Ó rọra ń rìn, ó ń kí àwọn ère bí ẹni ń kí aládùúgbò, ó ń bèèrè ẹni tó mọ èyí, ẹni tó mọ tọ̀hún. Nígbà tí a dé bèbè omi, ó dúró pẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé omi tí wọ́n yà sí ibẹ̀ yẹn náà nìyí? Kí ló wá dé tó fi dà bí ẹrẹ̀?”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé ó ti ń wo àwòrán náà ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. N kò rí èsì fún un. Wọ́n ti na aṣọ tuntun sórí pátákó náà báyìí, obìnrin náà sì ti padà sábẹ́ òjìji rẹ̀. Omi inú àwòrán náà mọ́ gaara.